Owó irun, owó ojú, owó ẹsẹ̀: ẹ̀yin obìnrin Ògbómọ̀ṣọ́ tó ti lé ní ogójì ọdún, báwo lẹ ṣe ń ṣe é?

Tíṣà Tákìí

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Ẹni ọdún 49 ni mí, tíṣà ni mí níhìn-ín ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ sì mọ bí owó oṣù wa ṣe rí. Ẹjọ́ tí mo kó wá yìí kì í ṣe ti ọmọge. Nígbà tí mo wà ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún, ìpara kan, àtíkè kan, irun dídì kan lóṣù, ó tán. Ìgbà tó wá yẹ kí n máa sinmi ni gbogbo oríkèé ara ń béèrè owó. Awọ ara ń gbẹ háúháú nínú òjò. Irun iwájú ń sá sẹ́yìn. Ewú tí mo pa lóṣù tó kọjá ti tún yọjú. Gìgísẹ̀ ti la. Onídìrí ti tún fowó lé owó. Ìpara tí mò ń lò kí wọ́n tó yọ owó ìrànwọ́ epo ní 2023 ti lé ní ìlọ́po mẹ́ta báyìí, ike rẹ̀ sì tún kéré sí ti tẹ́lẹ̀.

Mo ní ìnáwó níwájú: ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, àti òkú àgbà kan lẹ́yìn ẹ̀. Ọkọ mi ní kí n kúkú gé irun mi mọ́lẹ̀ kí gbogbo wa sinmi. Mo ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ ti jáwọ́ nínú ẹ̀? Kí ni ẹ ò lè fi sílẹ̀ láéláé? Kí lẹ sì fi rọ́pò èyí tó wọ́n?

Ìyá Ìbejì

Ẹ kú àtijọ́, Tíṣà. Èmi ti dágbére fún átáṣímẹ́ǹtì ní tèmi. Irun orí mi ni mo fi ń di ṣùkú tàbí ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀. Bó bá sì wù mí kí n yàtọ̀, ìyá kan wà ládùúgbò wa tó ń fi òwú kó irun. Owó òwú àti owó iṣẹ́ rẹ̀ lápapọ̀ kò tó owó tí wọ́n ń gbà fún átáṣímẹ́ǹtì nìkan. Àwọn ọmọ mi kọ́kọ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mo ti di ìyá inú fọ́tò àtijọ́. Àgbà nínú àwọn obìnrin wọn ti ń kó tirẹ̀ náà báyìí, ó ní ó ti padà ń wọ́pọ̀ láàárín àwọn ọmọ yunifásítì LAUTECH. Ẹ ṣe bí ẹ ti mọ, ẹlẹ́wà Ṣàpọ́n.

Alájàpá

Ìyá Ìbejì, ẹ má bínú o, ẹ̀gbọ́n mi ni yín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò rí bákan náà fún gbogbo wa. Léèsì àti àǹkárá ni mò ń tà. Bí mo bá dé ìsọ̀ pẹ̀lú ojú gbígbẹ àti irun játijàti, oníbàárà á kọjá mi lọ sí ìsọ̀ ẹnìkejì mi. Ta ní fẹ́ ra aṣọ òde lọ́wọ́ ẹni tí ìyà hàn lára ẹ̀? Èmi ò ka owó irun mọ́ fàájì, owó ọjà ni mo kà á mọ́. Ohun tí mo gé kúrò ni èékánná àlẹ̀mọ́ àti irun ojú àlẹ̀mọ́. Ooru ọjà kì í jẹ́ kí wọ́n pẹ́, ẹ̀ẹ̀kan sì ni tèmi já bọ́ sínú ọbẹ̀ ìlá. Ọkọ mi ò béèrè nǹkan kan, ó kàn gbé àwo sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Onídìrí Sábó

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Èmi ni onídìrí tí gbogbo yín ń kùn sí, ẹ jẹ́ kí n sọ tẹnu mi.

Kí May 2023 tó parí, lítà epo bẹntiróòlù kan kò tó 200 náírà. Kí 2024 tó lọ, ó ti kọjá 1,000. Iná tí wọ́n ń mú wá kì í sọ ìgbà tó ń bọ̀. Bí mo bá gbé oníbàárà sábẹ́ díráyà, jẹnẹrétọ̀ ni, ì báà jẹ́ ẹnìkan ṣoṣo ló jókòó. Oṣù kẹfà 2023 yẹn náà ni wọ́n tú náírà sílẹ̀. Dọ́là kan tó wà ní nǹkan bí 470 ní báńkì, ó ti lé ní 1,500 nígbà tí 2024 ń parí. Rílásà, dáì, ṣampú tó dára, gbogbo ẹ̀ ló gba ojú omi wọlé. Àwọn tó ń ta átáṣímẹ́ǹtì fún wa ní bí wọ́n tilẹ̀ ń ṣe é lórílẹ̀-èdè yìí, dọ́là náà ni wọ́n fi ń ra ohun tí wọ́n fi ń ṣe é. Ẹ fi owó ṣọ́ọ̀bù kún un, ẹ fi omi rírà kún un, ẹ fi oúnjẹ ọmọ iṣẹ́ kún un. Mi ò jèrè tó bí ẹ ṣe rò.

Ṣùgbọ́n mo lè sọ bí ẹ ṣe lè dín in kù fún yín, bí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi bá tilẹ̀ bínú. Ẹ tú irun yín nílé, kí ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ kí ẹ tó wá; ìdajì wàhálà iṣẹ́ ti kúrò níbẹ̀, owó rẹ̀ á sì wálẹ̀. Ẹ fúnra yín ra átáṣímẹ́ǹtì lọ́jà, ẹ má jẹ́ kí n bá yín rà á. Ẹ wá láàárín ọ̀sẹ̀. Ọjọ́ Jímọ̀ àti Sátidé, kò sẹ́ni tí mo máa dín owó fún.

Ti irun iwájú tí Tíṣà sọ, ọwọ́ wa ni púpọ̀ nínú ẹ̀ ti wá. Àwa onídìrí mọ̀ pé bí irun bá le, ó máa ń dán, oníbàárà á yìn wá. Bí wọ́n bá dì yín tán tí ẹ ò lè gbé ojú sókè dáadáa, tí ìléròrò tín-ín-tìn-tín sì yọ létí irun, irun yẹn ti le jù. Ẹ má mu oògùn ẹ̀fọ́rí kí ẹ lọ sùn. Ẹ padà wá lọ́jọ́ náà kí n tú ti iwájú. Ní ṣọ́ọ̀bù mi, obìnrin tó bá ti lé ní ogójì, mi ò kì í kó irun wẹ́wẹ́ iwájú mọ́ dídì mọ́, màá fi í sílẹ̀. Rílásà náà, kí ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ó kéré tán kí ẹ tó tún un lò, ìdí irun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù nìkan ni kí ó sì kàn. Ẹnikẹ́ni tó bá ní òun fẹ́ fi rílásà àti dáì sí yín lórí lọ́jọ́ kan náà kí owó lè dín, ẹ dìde níbẹ̀.

Bàbá Ọlọ́kadà

Mo kàn ń kọjá lọ ni o. Ṣé ẹ̀yin ìyá wa mọ̀ pé àwa ọkùnrin kì í tilẹ̀ mọ ìyàtọ̀ irun olówó ńlá àti ti olówó kékeré?

Alájàpá

Ta ló ní tìtorí yín la ṣe ń ṣe é? Ẹ máa kọjá lọ, ẹ rọra wakọ̀.

Nọ́ọ̀sì Àgbà

Ẹ kú àṣírí o. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ọjọ́ orí tí ẹ̀ ń sọ yìí ni mo sì ti rí jù ní wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin.

Tíṣà, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí yín ní ìdí. Láàárín ọdún 45 sí 55 ni nǹkan oṣù máa ń dáwọ́ dúró fún ọ̀pọ̀ obìnrin, àmọ́ kó tó dúró pátápátá ni họ́mọ́ọ̀nù tí wọ́n ń pè ní ẹ́sítírójìn á ti máa lọ sílẹ̀. Òun ló ń jẹ́ kí awọ ara di omi mú, òun náà ló ń jẹ́ kí irun pẹ́ lórí. Nígbà tó bá dín kù, ara á gbẹ, irun á fúyẹ́, ooru á máa ṣàdédé ru síni lójú àti láyà lóru. Ìpara olówó gọbọi kan kò lè dá èyí padà. Ohun tí ẹ lè ṣe ni pé kí omi má sá kúrò lára: ẹ yé fi omi gbígbóná wẹ̀, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ti tó. Bí ẹ bá ti jáde nínú balùwẹ̀, kí ara tó gbẹ tán, ni kí ẹ ti fi òrí tàbí epo pa á. Ìpara tí ẹ bá fi pa ara tó ti gbẹ, ìdajì owó ẹ̀ ti ṣòfò.

Kí irun tó 50 sí 100 já lórí lójúmọ́, kò sí nǹkan tó ṣe é. Bó bá ń já ní ìṣùpọ̀, tó sì ń rẹ̀ yín ṣáá, ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Ẹ̀jẹ̀ tí kò tó àti àìsàn ẹṣẹ́ ọrùn tí wọ́n ń pè ní táírọ́ìdì lè fa á, kò sí ọ̀rá irun tó ń wo ìyẹn sàn. Bó bá sì jẹ́ àárín orí ló ń pá, tó ń fẹ̀ sí i, tó ń yún tàbí tó ń ta, ẹ má fi àkókò ṣòfò lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta òróró irun. Irú kan wà tó ń pa ihò irun, tí irun ò ní hù níbẹ̀ mọ́ bó bá pẹ́. Dókítà awọ ara ni kí ẹ lọ bá. Ilé ìwòsàn ńlá bí UCH Ìbàdàn ní irú wọn. Owó ìwòsàn tí a tètè san ló kéré jù.

Ìwádìí kan tún jáde ní Amẹ́ríkà ní 2022, tí wọ́n fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ obìnrin ṣe. Wọ́n rí i pé àwọn tó lo oògùn tó ń na irun ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ lọ́dún ní jẹjẹrẹ ilé ọmọ ju àwọn tí kò lò ó lọ, ó lé ní ìlọ́po méjì. Jẹjẹrẹ náà kò wọ́pọ̀, ìwádìí kan ṣoṣo kò sì tó láti dájọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ti lé ní ogójì tó ń wá ohun tó máa gé kúrò, èmi á ní kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ eléyìí dáadáa. Nítorí pé ìpara tó dára ti wọ́n, àwọn kan ń po ìpara sínú ike funfun tí kò lórúkọ, wọ́n ń tà á fún yín pé ó ń "mú àbàwọ́n kúrò." Ẹ wo ara ike: bí kò bá ní nọ́ńbà NAFDAC, bí kò bá sọ ohun tó wà nínú ẹ̀, ẹ má rà á. Mákúrì ń bẹ nínú òmíràn, kíndìnrín ló sì ń lọ bá. Sítẹ́rọ́ìdì ń bẹ nínú òmíràn. Ó máa kọ́kọ́ dán, lẹ́yìn náà awọ ara á fẹ́lẹ́ bíi bébà. Mo ti dúró ní tíátà nígbà tí dókítà ń wá bí òun ṣe máa rán ojú iṣẹ́ abẹ, tí awọ ara aláìsàn ń ya mọ́ òwú. Láti 2023 ni NAFDAC ti pe bíbóra ní ọ̀ràn pàjáwìrì. Bí ẹ bá sì ti ń lò ó tipẹ́, ẹ má ṣàdédé dá a dúró lọ́jọ́ kan, ojú lè wú, ó lè pọ́n; ẹ fi han dókítà, kí ó sọ bí ẹ ṣe máa jáwọ́.

Ọ̀rọ̀ oòrùn nìkan ló kù. Ìpara tó ń dènà oòrùn ti kọjá agbára ọ̀pọ̀ wa. Agbòòrùn kò wọ́n. Ẹ ṣí i sórí bí ẹ bá ń lọ sọ́jà lọ́sàn-án.

Àbúrò Under G

Ẹ ṣeun ma. Ẹ̀yin mọ̀mí, ẹ má dààmú ara yín, ọṣẹ dúdú ni gbogbo ẹ̀! Ẹ gún un, ẹ fi oyin àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, ẹ fi osùn díẹ̀ sí i, ẹ máa fi wẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́. Ara mi ń dán gbinrin.

Nọ́ọ̀sì Àgbà

Ọmọ mi, ara rẹ ń dán nítorí pé o ò tíì ju ọmọ ogún ọdún lọ. Èmi náà fẹ́ràn ọṣẹ dúdú, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ nípa ẹ̀. Eérú ni wọ́n ń pò mọ́ àdín láti fi ṣe é. Eérú yẹn ló ń jẹ́ kó fọ ìdọ̀tí tónítóní, òun náà ló sì ń ha gbogbo epo ara dànù. Ẹni tí ojú rẹ̀ ń yọ epo, tó ń yọ ìléròrò, ọṣẹ rẹ̀ nìyẹn. Ìyá ẹni àádọ́ta ọdún tí ara rẹ̀ ti ń gbẹ, bó bá ń fi wẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ṣe ló ń dá kún un. Kí ó fi fọ abíyá àti ẹsẹ̀, kí ó fi ọṣẹ tí kò le wẹ ara yòókù. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ ńkọ́? Ẹ má fi pa ara rárá kí ẹ wá bọ́ sínú oòrùn. Ó ń jóni, àpá dúdú tó ń fi sílẹ̀ sì máa ń pẹ́ kó tó parẹ́.

Àbúrò Under G

Ẹ pẹ̀lẹ́ ma, mo ti gbọ́.

Ìyá Ewú

Ẹni ọdún 61 ni mí. Mo dáwọ́ ewú pípa dúró. Kò sí ìpàdé kankan tí mo ṣe kí n tó dáwọ́ dúró, dáì ló kàn ń jẹ́ kí orí mi yún, kí etí mi wú. Mo gé irun náà mọ́ níwọ̀nba, mo jẹ́ kí funfun hù wá. Oṣù àkọ́kọ́ ló burú, tí ìdajì dúdú, ìdajì funfun. Mo fi gèlè àti fìlà bo ìyẹn. Ní báyìí wọ́n ń kúnlẹ̀ kí mi ní báńkì.

Nọ́ọ̀sì Àgbà

Ìyá mi, etí tó wú yẹn, inú dáì dúdú ló ti wá. Kẹ́míkà kan wà nínú ọ̀pọ̀ wọn tí wọ́n ń pè ní PPD. Ẹni tí ara rẹ̀ ò bá gbà á, ó lè wú lójú débi tí kò ní ríran, bó bá sì ti bẹ̀rẹ̀, kì í lọ mọ́. Ẹni tó bá ṣì fẹ́ pa ewú, kí ó kọ́kọ́ fi díẹ̀ sẹ́yìn etí tàbí inú ìgbọ̀nwọ́, kí ó dúró ọjọ́ méjì. Làálì gidi máa ń sọ ewú di pupa rúsúrúsú, ìyẹn kò léwu. Làálì "dúdú" tó ń mú kíákíá, PPD ni wọ́n sábà máa ń pò mọ́ ọn. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń lé tìróò, ẹ ṣọ́ èyí tí ẹ ń rà, òjé máa ń wà nínú púpọ̀ wọn. Ẹ má fi sójú ọmọ ọmọ yín láéláé.

Ọmọ Ṣakí

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ìyá mi. Ẹ ti dárúkọ òrí, ó yẹ kí n fọhùn. Òkè-Ògùn ni mo ti ń kó o wá, àwọn ìyá tó ń ṣe é ni mo ń bá rà á.

Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé òrí náà ti wọ́n, kì í ṣe irọ́. Àwọn òyìnbó ń fi ṣe ìpara, wọ́n tún ń fi í sínú ṣokoléètì. Àwọn oníṣòwò ń wọ inú abúlé kó èso rẹ̀ lọ láì tíì sè é, ti àwọn ìyá wa sì ń dín kù. Oṣù kẹjọ 2025 ni ìjọba àpapọ̀ ní kí wọ́n dá kíkó èso náà lọ sókè òkun dúró fún oṣù mẹ́fà, kí àwọn tó ń ṣe é nílé lè rí i ṣe. Bó ti wù kó rí, ẹ fi wé ìpara inú ike: òrí kóńgò kan, ẹni kan á lò ó títí.

Bí ẹ ṣe máa mọ èyí tó dára: ẹ bu ìwọ̀n èékánná kan sí àtẹ́lẹwọ́. Ooru ọwọ́ nìkan gbọ́dọ̀ yọ́ ọ, kò gbọdọ̀ ní iyanrìn nínú. Àwọ̀ rẹ̀ máa ń rí bíi wàrà tàbí kó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́. Èyí tó pọ́n rokoṣo, ẹ béèrè ohun tí wọ́n fi pa á láró. Ẹ gbóòórùn rẹ̀: òórùn èéfín àti ẹ̀pà sísun kò burú, ṣùgbọ́n bó bá ti ń kan, tó ń ta nímú, ó ti pẹ́. Bí òórùn rẹ̀ ò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ má gbé e ka iná tààrà. Ẹ gbé abọ́ rẹ̀ sínú omi gbígbóná kó rọra yọ́, ẹ fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ, ẹ da àdín àgbọn díẹ̀ sí i, ẹ jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ sí í dì, kí ẹ wá fi ṣíbí lù ú títí á fi wú tó sì funfun. Kò ní le mọ́ bí ọyẹ́ bá mú, á sì máa tàn lára dáadáa. Ẹ lè kán lọ́fínńdà sí i bó bá wù yín, èmi kì í ṣe é.

Nínú ooru ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, díẹ̀ ni kí ẹ lò lójú. Lẹ́sẹ̀, ẹ fi sí i yanturu lálẹ́ kí ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ sùn. Gìgísẹ̀ tó la á bẹ̀rẹ̀ sí í pa dé.

Ìyá Ìbejì

Ìbọ̀sẹ̀ kẹ̀! Nínú ooru tó ń mú mi yìí? Bó bá di aago méjì òru, èmi ni mo ń bá fáànù jà.

Nọ́ọ̀sì Àgbà

Ìyá Ìbejì, ẹ fi ọ̀rá nylon wé e fún bí wákàtí kan lálẹ́, kí ẹ tú u kí ẹ tó sùn. Lórí ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ náà, àwọn Àwúsá tó ń fi sísọ́ọ̀sì dún kàn-ń-kàn kiri àdúgbò tí wọ́n ń gé èékánná, owó wọn kò wọ́n, ṣùgbọ́n abẹ kan náà ni wọ́n ń gbé láti ẹsẹ̀ dé ẹsẹ̀. Ẹ ra abẹ àti ìgé-èékánná tiyín, ẹ gbé e fún wọn. Ẹni tó bá ní ìtọ̀ ṣúgà, kí ó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi abẹ ha gìgísẹ̀ rẹ̀, ní ṣọ́ọ̀bù olówó ńlá o, ní ojúde o.

Ẹ̀gbọ́n Ọ̀yọ́

Láti Ọ̀yọ́ Aláàfin ni mo ti ń kà á bọ̀. Tíṣà, ẹ jẹ́ kí n bi yín ní nǹkan kan. Ẹ mú bébà, ẹ kọ gbogbo ohun tí ẹ ná láti oṣù kìn-ín-ní sílẹ̀. Ẹ kọ èyí tí ẹ ná lójoojúmọ́ sápá kan, ẹ kọ ti òde sápá kejì. Kí ẹ wá padà wá sọ ohun tí ẹ rí fún wa.

Tíṣà Tákìí

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti fi mí ṣe ọmọléèwé. Mo kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé máàkì mi lánàá. Nígbà tí mo yọ aṣọ ẹbí, owó télọ̀, gèlè wíwé, mekọ́ọ̀pù ọjọ́ òde àti bàtà tó gbọ́dọ̀ bá aṣọ mu sẹ́gbẹ̀ẹ́, ohun tó kù tí mo ná sára èmi fúnra mi kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin. Ìpara tí mò ń sunkún lé lórí, kékeré ni. Ìnáwó ẹbí ọkọ mi nìkan ju owó irun mi ọdún kan lọ.

Ẹ̀gbọ́n Ọ̀yọ́

Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Òde ló ń jẹ wá, kì í ṣe ọjọ́ orí. Ọjọ́ orí yìí kàn ni àsìkò tí òde ń pọ̀: ọmọ ẹgbẹ́ wa ń ṣègbéyàwó, òbí wa ń kú, a ń ṣe àádọ́ta ọdún, a ń ṣí ilé. Lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan wọ́n á gbé aṣọ tuntun wá, àwọ̀ tó sì jẹ́ pé a ò ní wọ̀ ọ́ mọ́.

Nínú ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ wa, a jókòó, a fẹnu kò pé aṣọ kan lọ́dún ni, gbogbo òde tó bá yọ nínú ọdún náà, òun la máa wọ̀. Àwọn tó lówó kọ́kọ́ fajú ro. Àwọn náà ló ń yìn ín jù báyìí. Ti ìdílé ọkọ ni kò rọrùn, mi ò ní tàn yín. Ṣùgbọ́n ẹ lè pe ìyàwó ẹ̀gbọ́n yẹn sí kọ̀rọ̀, kí ẹ fi ọ̀wọ̀ sọ fún wọn pé ẹ máa mú gèlè nìkan nínú aṣọ náà, ẹ máa fi wé mọ́ léèsì àtijọ́ tó bá àwọ̀ rẹ̀ mu, kí ẹ wá fi owó díẹ̀ sínú àpòòwé fún ìyàwó tuntun. Ó ṣòro kí wọ́n kọ owó. Àmọ́ kí wọ́n tó pín aṣọ ni kí ẹ lọ, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti pín in, ìjà ni.

Gèlè wíwé wá ńkọ́? Iye tí wọ́n ń gbà láti wé e fún yín lẹ́ẹ̀kan, fún iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá! Ẹ kọ́ ọ. Ẹ fi gèlè aṣọ òkè kọ́ ọ, ẹ má fi ségò tó le gbagidi bẹ̀rẹ̀. Aṣọ òkè máa ń gbọ́rọ̀ síni lọ́wọ́, kì í yọ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi súkáàfù tó ń yọ̀ di orí, kí gèlè má máa ha irun iwájú tó ti ń fúyẹ́ yẹn. Ẹ ṣẹ́ etí gèlè po ní ìwọ̀n ìbú àtẹ́lẹwọ́, kí ojú ibi tí ẹ ṣẹ́ wà níwájú. Ẹ gbé e lé iwájú orí, kó sún mọ́ irun ojú, kó bo òkè etí méjèèjì. Apá ọ̀tún kí ó gùn ju ti òsì lọ. Ẹ ko wọ́n ní ìpàkọ́, ẹ fà wọ́n padà síwájú. Èyí tó gùn ni ẹ máa fi ìka ká ní ìpele ìpele: ẹ ká ọ̀kan, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹ ká èkejì lé e. Kí ẹ tó so ó lẹ́yìn, ẹ fi píìnì kan ti ìpele ìsàlẹ̀, nítorí òun ló ń gbé gbogbo ìyókù dúró. Lẹ́yìn tí ẹ bá so ó tán ni kí ẹ tó máa ṣí ìpele rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan níwájú dígí. Bí ẹ bá wé e lọ́jọ́ Àìkú fún ṣọ́ọ̀ṣì láàárín oṣù kan, ọwọ́ yín á ti mọ̀ ọ́n kí ìgbéyàwó tó dé.

Alájàpá

Ẹ̀gbọ́n Ọ̀yọ́, ẹ fẹ́ pa ọjà mi ni! Aṣọ kan lọ́dún? Kí ni kí èmi jẹ?

Ó dáa, èmi náà á ní nǹkan sọ. Mekọ́ọ̀pù ọjọ́ òde, ẹ jẹ́ kí ọmọ yín obìnrin ṣe é fún yín. Gbogbo wọn ló ti kọ́ ọ lórí fóònù. Ojú tó ti lé ní ogójì kò fẹ́ àtíkè púpọ̀, ṣe ló máa ń wọ inú ìlà ojú, tí á sì mú kéèyàn dàgbà sí i. Òrí díẹ̀ nísàlẹ̀, àtíkè fẹ́ẹ́rẹ́, ìtọ́tè tó bá àwọ̀ ètè mu, kí ẹ tún irun ojú ṣe dáadáa. Ó tó.

Ìyá Ìbejì

Ìmọ̀ràn mi kan ló kù. Àwa obìnrin àdúgbò wa mẹ́fà ń dá àjọ kékeré fún èyí nìkan. A kì í kó owó fúnni, ọjà la fi ń rà. A jọ ń ra ṣampú gálọ́ọ̀nù ńlá, òrí, òwú irun, a sì pín in. Iye tí wọ́n ń tà á ní osunwọ̀n yàtọ̀ sí ti ẹyọ kọ̀ọ̀kan pátápátá. Ẹni tó ń kó owó jọ gbọ́dọ̀ lè kọ ìwé o, kí ìjà má bàa dé.

Tíṣà Tákìí

Ẹ ṣeun gan-an ni, Olúwa á dá gbogbo yín lọ́lá. Mo ti pe ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. Wọ́n gbà, wọ́n tilẹ̀ ní ẹlòmíràn ti ṣáájú mi bẹ̀ wọ́n bẹ́ẹ̀. Ewú ni mi ò tíì pinnu lé lórí. Dáì náà ni màá ṣì lò títí ìgbéyàwó á fi kọjá, ṣùgbọ́n màá fi sẹ́yìn etí wò ná. Onídìrí Sábó, mo fẹ́ wá di ṣùkú láìfi átáṣímẹ́ǹtì sí i. Ọjọ́ wo ni kò sí èrò?

Onídìrí Sábó

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tàbí Ọjọ́rú, bí iléèwé bá ti parí. Ẹ tú u wá, ẹ fọ̀ ọ́ wá. Màá fi irun iwájú sílẹ̀ fún yín.

Ìyá Ìbejì

Ọmọ Ṣakí, nígbà tí ẹ bá tún ń bọ̀, ẹ bá wa kó òrí kóńgò mẹ́fà wá.

Ọmọ Ṣakí

Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀, ìyá mi. Ṣùgbọ́n ẹ fi owó ránṣẹ́ kí n tó gbéra o, àwọn ìyá Òkè-Ògùn kì í tàwìn fún mi.